Ojú lọ̀rọ̀ wà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgboro tó ti ara "ojú" jáde

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá lo ọlidé Oṣù Kẹjọ lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 17 ni. Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú nígbà náà. Àwọn dókítà ti yọ ohun tó bo ẹyinjú wọn, Ìyá sì ti ń dá aago ara ògiri wò láti orí àga wọn. Inú ọmọ náà dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Màmá Àgbà, ojú yín ti là gan-an o!"

Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, "Ojú mi ti là kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

Ọmọ náà ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé Màmá ti ń ríran. Ó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú fóònù ẹ̀, ó rí i pé tí afọ́jú bá ríran, a máa ń sọ pé ojú ẹ̀ là. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní ìgboro, tí wọ́n bá ní ojú ẹ ti là, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé o ti gbọ́n sáyé, o kì í ṣe ọ̀dẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ́ ṣeré. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń sọ pé o ti ń ṣe ohun tó ju ọjọ́ orí ẹ lọ. Kí ọmọ kékeré wá sọ irú ẹ̀ sí ìyá arúgbó, kó tún fi "gan-an o" tì í lẹ́yìn! Ohun tó yẹ kó sọ ò ju "Ẹ kú oríire o, Màmá, ẹ ti ń ríran kedere" lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ojú ni mò ń gbọ́ lẹ́nu oníbàárà, lẹ́nu alábàárù, lẹ́nu kọ̀ndọ́. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ ni mo kọ síbí yìí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló nílò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà sílé níbí gan-an, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" nìkan la kọ́ wọn, a fi ìyókù sílẹ̀ fún ìgboro láti kọ́ wọn bó ṣe wù ú. Ó ń dùn mí.

Ohun kan ṣoṣo ni kó o dì mú bó o ṣe ń kà á lọ. Nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ojú nìkan ò ní ìtumọ̀ tó dúró sójú kan. Ibi tó wà nínú gbólóhùn, ẹni tó ni ín, àti ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ló ń fún un nítumọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ̀ pé ojú kan náà ni ojú méjì

Ojú la fi ń wò, ojú náà ni iwájú orí tí ẹni tó ń bọ̀ kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bọ́jú láàárọ̀, gbogbo iwájú orí ló fọ̀. Ẹni tó dijú, ìpéǹpéjú nìkan ló pa dé. Tó bá di dandan ká yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó dárúkọ ẹyinjú. Tí wọ́n bá ní ọ̀gá fajú ro, ìrísí ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá ní ó tẹjú mọ́ ìwé, wíwò ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó kù dúró láàárín méjèèjì, níbi tí ìtìjú, ọ̀wọ̀, ìgboyà àti ìwọra ti ń hàn lára èèyàn kí ẹnu ẹ̀ tó sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ojú ló ń ṣe èèyàn, àbí èèyàn ló ni ojú?

Ibí yìí ni mo pẹ́ sí jù, ibẹ̀ náà ni kí ìwọ náà pẹ́ sí.

Mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ojú ń tì mí, ojú ń kán mi, ojú ń pọ́n mi. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú ló wà níwájú tó ń ṣiṣẹ́, èèyàn ló wà lẹ́yìn tí nǹkan ń ṣe. Ẹni tí ojú ń tì, ìtìjú ló mú un. Ẹni tí ojú ń kán, kò ráyè ìjókòó, ibì kan ń dúró dè é. Ẹni tí ojú ń pọ́n, ìyà ń jẹ ẹ́: owó ò sí, tàbí ó ń wá iṣẹ́, tàbí ó ń wá ọmọ.

Wá fi ẹni tó ni ojú sí i: ojú mi pọ́n. Gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Ẹyinjú ló pupa. Ó lè jẹ́ àìsùn, ó lè jẹ́ ata, ó lè jẹ́ Àpólò. (Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ibi tí orúkọ àìsàn yẹn ti wá. Ní 1969, ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Apollo 11 dé òṣùpá, ni àìsàn ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, tó sì ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ ọkọ̀ òṣùpá ni àwọn èèyàn sọ ọ́, orúkọ náà ò sì kúrò lára ẹ̀ mọ́.) Nítorí náà, oníbàárà tó wọlé tó ní "Ìyá Aláṣọ, ojú ń pọ́n wa o" ń bẹ̀ mí kí n dín owó kù ni. Èyí tó ní "ojú mi pọ́n" ń fẹ́ kí n júwe kẹ́míìsì fún òun. Ẹni tí kò bá fetí sí "mi" kékeré tó tẹ̀ lé ojú á gbé oògùn fún ẹni tó ń wá owó.

Ohùn tún wà níbẹ̀ tó yẹ kó o mọ̀. O rí i pé "tì mí" ni mo kọ, ṣùgbọ́n "kán mi" àti "pọ́n mi". Tí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà lókè, bíi kán, bíi pọ́n, "mi" á dúró láàárín. Tó bá wà nísàlẹ̀ tàbí láàárín, bíi tì, bíi jọ, "mí" á gòkè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún "ẹ": ojú ń kán ẹ, ojú ń tì ẹ́. Ẹni tó bá sì fi orúkọ èèyàn síbẹ̀, ohùn "tì" fúnra ẹ̀ á gòkè díẹ̀: ojú ń ti Bọ́lá. Ọmọ tí wọ́n bí nílé ń ṣe gbogbo èyí láìronú. Ọmọ òkè òkun ò lè ronú kan ibẹ̀ àfi kí ẹnì kan sọ fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń ní òun ń sọ Yorùbá "bí òyìnbó" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun pé.

Tó o bá ti mọ èyí, wàá lè gbọ́ àwọn tí ojú wọn ní ẹni tó ni ín, ìyẹn àwọn tí ìgboro fẹ́ràn jù. "Ojú mi ti rí nǹkan" ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ti la ìyà kọjá. Pẹ̀lẹ́ ni a máa ń fi dá a lóhùn, a kì í béèrè pé kí ni ojú ẹ̀ rí àfi tó bá fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn. "Ojú ẹ á rí màbo" ni ìhàlẹ̀: ìyà tó o máa jẹ kò ní kékeré. "Ojú ẹ á wálẹ̀" fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, àmọ́ kò le tó o. Ẹni tó ń ṣe fọ́ńté torí pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ ẹ̀ la ń sọ ọ́ sí: ìgbà á yí, á padà sí ìwọ̀n ara ẹ̀. "Ojú ẹ̀ le" ni ti ẹni tó ṣe nǹkan tó yẹ kó tì í lójú, tó sì ń wò ọ́ korokoro. Ojú tó yẹ kó rọ̀ ni kò rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tẹ́tí sí "lójú"

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wá sí ìsọ̀ mi. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n ń wá aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀. Mo tú léèsì aláwọ̀ ewé sílẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ìyá, kò kún mi lójú."

Mo gbé aláwọ̀ àlùkò jáde. Ó na ọrùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n, èyí wọ̀ mí lójú."

Mo dá iye lé e. Ó rẹ́rìn-ín. "Lójú tèmi o, owó yẹn ti pọ̀ jù."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ fà á létí, kò mọ̀ pé mò ń gbọ́: "Ṣé ó dá ẹ lójú pé àwọ̀ ẹ̀ ò ní ṣá?"

Ìgbà mẹ́rin ni "lójú" jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọ̀nà mẹ́rin ló sì gbà. Ohun tí kò kún ni lójú ò tó nǹkan, kò já mọ́ ohun tí à ń retí. Ohun tó wọ̀ ni lójú fa ọkàn mọ́ra láti ibi tí ojú ti kàn án. "Lójú tèmi" ni èrò mi, kò sí ìfẹ́ tàbí ìkórìíra níbẹ̀. "Ó dá mi lójú" ni pé n kò ṣiyèméjì. Karùn-ún wọn ò jáde lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ: "ó jọ mí lójú". Ìwà tàbí iṣẹ́ la ń sọ ọ́ sí. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá dá ṣẹ́ńjì tí oníbàárà gbàgbé padà fún un, ó jọ mí lójú nìyẹn, mo máa ń sọ ọ́ sí i létí gbogbo èèyàn.

Ṣọ́ra fún ọ̀kan. "Ó tẹ́ lójú mi" ni pé ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún tó tú ká lórí ẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí kì í gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: "fojú", nígbà tí ojú di irinṣẹ́

Bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ gé nǹkan la ń fi ojú ṣe nǹkan. Nínú iṣẹ́ mi, "fojú bù ú" ni olórí wọn. Ọ̀pá 6 la sábà máa ń tà pa pọ̀ nínú àǹkárá. Tí obìnrin bá dúró níwájú mi tó ní ìró àti bùbá lòun fẹ́ rán, kí n tó mú tépù, mo ti fojú bù ú bóyá ọ̀pá 6 á tó o tàbí kò ní tó. Ìyá mi ló kọ́ mi. Wọ́n ní kí n wo èjìká, kí n má wo ìbàdí.

"Mò ń fojú sọ́nà" ni ẹni tó ń retí ń sọ. "Mo ti fojú winá" ni ẹni tó ti jìyà ń sọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú "ojú mi ti rí nǹkan", àyàfi pé èyí ní ìgboyà nínú. "Ó fojú pa mí rẹ́": ó rí mi, ó ṣe bí ẹni pé kò rí mi. Ìyẹn máa ń dunni ju èébú lọ. "Ó fojú tín-ín-rín wò mí" ni ti ẹni tó kà ẹ́ sí aláìtó nǹkan.

"Fojú di" ló ṣòro fún ọmọ náà, torí ó rò pé dídi ojú ni. Rárá. Ẹni tó fojú di ẹ́ kò bẹ̀rù ẹ, ó rò pé kò sóhun tó o lè ṣe. Òun ló fi jẹ́ pé inú ìjà tàbí ìdíje lo ti máa ń gbọ́ ọ: "Ó fojú di wá, a sì fàgbà hàn án." Àwọn àgbà tún ń lò ó fún ìkìlọ̀, pé ká má fojú di àìsàn, ká má fojú di gbèsè kékeré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ya àwọn ìbejì sọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ ìsọ̀ wa. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń retí ẹrù láti Èkó. Ó kọ sí ẹni tó ń kó ẹrù fún un lórí WhatsApp pé ṣé ọjọ́bọ̀ lẹrù máa dé lóòótọ́. Ẹni náà fèsì láìfi àmì kankan sí i: "O daju." Obìnrin yìí gbaná jẹ. Ó ní kí lòun ṣe fún un tó fi pe òun ní ọ̀dájú? Ó ti fẹ́ẹ́ pè é kó bú u kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó dájú" ni ẹni náà fẹ́ kọ: kò sí iyèméjì, ẹrù ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. "O dájú" ni obìnrin yìí kà: ìwọ, o ò láàánú. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Kódà tí àmì bá pé, "ó dájú" ṣì lè jẹ́ méjì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ là ń sọ, tí "pé" sì tẹ̀ lé e, bíi "ó dájú pé òjò á rọ̀", ìdánilójú ni. Tó bá jẹ́ èèyàn là ń sọ, bíi "ó dájú, kò bojú wẹ̀yìn wo ọmọ ẹ̀", àìláàánú ni. Dájúdájú wá láti ti àkọ́kọ́, ọ̀dájú láti ti ìkejì. Wá "pé" o, wàá mọ èyí tó jẹ́.

Àwọn ìbejì míì wà. Ẹni tó dijú pa ojú dé. Ọ̀rọ̀ tó díjú lọ́ pọ̀, a ò tíì rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rójú kò ní ìsinmi, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé "mi ò rójú, mi ò ráyè". Ẹni tó rọ́jú fi agbára mú ara ẹ̀ ṣe é. Tí a bá ń bẹ aláìsàn kó jẹun, "ẹ rọ́jú jẹ ẹ́" la ń sọ. Ẹni tó dojú kọ ẹ́ dúró níwájú ẹ. Ẹni tó dójú tì ẹ́ ti kó ẹ̀gàn bá ẹ níwájú èèyàn. Ojú kan náà, ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá lórí fóònù: ẹ fi àmì sí i. Gboard ní Yorùbá nínú àwọn èdè ẹ̀. Ẹ lọ sí ibi èdè nínú ètò bọ́tìnnì, ẹ yan Yorùbá, ẹ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí àwọn àmì tó jáde. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti ṣètò ẹ̀. (Ìṣẹ́jú náà, ara ojú ló ti wá: kéèyàn ṣẹ́jú. Èyí tó kéré sí i la pè ní ìṣẹ́jú àáyá.)

Ìgbésẹ̀ kẹfà: mọ ẹni tó o lè sọ ọ́ sí

Láàárín ẹgbẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kò ṣeé sọ. Ọ̀rẹ́ lè sọ fún ọ̀rẹ́ pé ojú ẹ ti là, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó lè ní "má ṣojú ayé níbí o" fún ẹni tó ń ṣe dáadáa nítorí pé èèyàn ń wo òun. Ó lè ní ó lójú kòkòrò, ìyẹn ẹni tí gbogbo ohun tó bá rí ń wọ̀ lójú.

Pẹ̀lú ẹni tí o kò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nínú ọkọ̀, tí ẹnì kan bá tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tó o bá ní "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?", o ti pe ìjà. Èsì tó máa wá ni "Ojú bàbá ẹ ló fọ́", ẹ ò sì ní dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ní àlàáfíà. Bákan náà ni mọ́jú. Kò tilẹ̀ nílò ẹnu: kéèyàn yí ẹyinjú láti òkè dé ìsàlẹ̀ ara ẹni, kó gbójú kúrò. Mo ti rí obìnrin méjì tó wọ̀yá ìjà nítorí mọ́jú kan ṣoṣo, tí kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Fún àgbà, gba èyí gbọ́: "yín" kì í fọ èébú mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé tí wọ́n bá ti yí "ẹ" sí "yín", ọ̀wọ̀ ti wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. "Ojú yín ti là" ló sọ, kò sọ "ojú ẹ", kò sì gbà á. Ọ̀rọ̀ tó bá ń dá ojú àgbà lẹ́jọ́, ìbáà ṣe pé ó là, ó le, tàbí ó fọ́, má mú un wá rárá. Gbé ojú náà sórí ara ẹ. Tí bàbá kan bá gba iwájú ẹ kọjá níbi tẹ́ ẹ tò sí, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó jọ pé ẹ ò rí wa" á ṣe é. Tó o bá fẹ́ tọrọ nǹkan, "ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mà" dùn létí ìyá ju ohunkóhun lọ. "Ẹ fojú àánú wò mí" náà dára, nítorí pé ojú àgbà lo ń tọrọ, o ò dá a lẹ́jọ́.

Ẹni tí kò bá mọ èyí la ń pè ní ẹni tó yájú. Ó yájú sí mi, ó yájú sí bàbá ẹ̀: ó sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni tí ojú wọn ò jẹ́ nǹkan lójú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì kù tó yẹ kí ọmọ tó ń ti òkè òkun bọ̀ mọ̀ kó tó délé. Àkọ́kọ́ ni "tọ́jú". Nọ́ọ̀sì ń tọ́jú aláìsàn, ìyá ń tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n tí onílù bá sún mọ́ ẹ níbi ayẹyẹ tó ní "Ẹ tọ́jú wa o", tàbí ọmọ gáréèjì sọ ọ́ bó ṣe gbé báàgì ẹ sọ́kọ̀, owó ló ń béèrè. Má bi í pé kí ló ń ṣe é. Fún un tó bá wù ẹ́, tí kò bá wù ẹ́, rẹ́rìn-ín kó o ní "ẹ má bínú, ó tún di ọjọ́ mìíràn".

Èkejì ni "kì í ṣe ojú lásán". Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ báyìí, ó ti di ìyìn: bọ́ọ̀lù tó wọlé láti àárín pápá, ọjà tó tà ní wákàtí kan, kì í ṣe ojú lásán. Mi ò ta kò ó. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀ ni pé ọwọ́ ayé tàbí agbára kan tí ojú ò rí wà nídìí ọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ aládùúgbò ẹ bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, tó o wá dúró lẹ́nu géètì tó o ní kì í ṣe ojú lásán, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnì kan sùn láìdárúkọ ẹ̀. Àwọn arúgbó tó ń gbé láàárín wa ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń já lé lórí. Lò ó fún bọ́ọ̀lù. Má lò ó fún àdánù ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ keje: má jẹ́ kí ojú àwọn nǹkan dà ẹ́ rú

Èyí rọrùn, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ojú ọjọ́, ojú ìwé, ojú pópó, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi: ibi tí nǹkan ti hàn síta tàbí ibi tí à ń gbà kọjá ni. Ojúbọ ni ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Òun ló bí orúkọ Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó, níbi tí ojúbọ Ẹlẹ́gba wà. Kódà ó sọdá òkun. Ní Salvador, ní ilẹ̀ Brazil, oyè kan wà ní ilé òrìṣà Opô Afonjá tí wọ́n ń pè ní Ojuobá, ojú ọba. Ṣàngó ni ọba náà. Pierre Verger, ará Faransé tó ya fọ́tò káàkiri Brazil àti ilẹ̀ Benin, jẹ oyè yẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ "ojú ọba" nínú Yorùbá tiwa mọ̀ láìbéèrè pé olùṣọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bó o ṣe máa fi kọ́ra

Má há àádọ́ta sórí. Mú mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Wá ìwé kékeré kan, kó o sì máa kọ odidi gbólóhùn bó o ṣe gbọ́ ọ, má kọ ọ̀rọ̀ nìkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ sí, àti bí ojú ẹni kejì ṣe rí nígbà tó gbọ́ ọ. Ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ kejì, ó ń kọ. Ní ọjọ́ kan ó kọ pé: "Oníbàárà sí Àǹtí: kò kún mi lójú. Àǹtí ò bínú. Àǹtí gbé òmíràn." Ó ti mọ̀ nìyẹn pé ọ̀rọ̀ ọjà ni, kì í ṣe èébú.

Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ dán an wò lára wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe fún ẹ, kò ní di ọ̀ràn. Tó bá ti gún lẹ́nu ẹ níbẹ̀, gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n. Àgbà ló kẹ́yìn, àwọn tó bá sì bọ̀wọ̀ nìkan lo máa gbé lọ síwájú wọn.

Kó o tó sọ èyíkéyìí, wo ojú ẹni tó o fẹ́ sọ ọ́ sí. Nígbà tí à ń dàgbà, tí àlejò bá fi ẹran lọ̀ wá, a kì í dáhùn kí a tó wo ojú ìyá wa. Tí wọ́n bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, a ó gbà á, a ó dúpẹ́. Tí wọ́n bá ranjú, a ó ní a ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ìtumọ̀ ẹ̀ nínú ìwé. Mo ní kí ọmọ náà máa jókòó ti Ìyá lálẹ́, kó máa wo ojú wọn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.

Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó pè, mo gbé fóònù fún Ìyá. Wọ́n bi í pé ìgbà wo ló tún ń bọ̀.

"Mò ń fojú sọ́nà fún Oṣù Kejìlá, Màmá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ mà, àmọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yín ni mo ń rò."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú ẹ ti là o."